Ojú Ewé Kejìdínlọ́gọ́ta

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé kóòdù tí mo kọ ti pa ọmọ ọlọ́mọ lára, etí ọ̀sà ni mo wà ní Àgbádárìgì, mò ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wa sọdá sí erékùṣù Gberefu. Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá ló ní àwọn fẹ́ rí ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun láyé àtijọ́, èmi ọmọ ìlú ni mo sì di afinimọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lọmọ ìyá aláṣọ, èyí tó ń ṣe kọ̀ǹpútà l'Ékòó?"

Mo tẹrí ba, mo ní, "Èmi ni mà."

Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o lè bá mi bi àwọn èèyàn yẹn léèrè, kí ló dé tí wọn ò fi mú ọmọ mi obìnrin? Ọmọ yẹn mọ̀wé o. Gbogbo èèyàn ló sọ pé wọ́n máa mú un."

Mo bi í pé àwọn èèyàn wo. Ó dárúkọ wọn. Àyà mi já, torí èmi ni mo bá wọn ṣe ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹgbẹ́ kan ni, n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwọlé sí yunifásítì lówó ilé-ìwé ọdún kìíní. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní kí n ṣe ibì kan tí àwọn èèyàn yóò ti máa wo orúkọ àwọn tí wọ́n mú. Orúkọ 1,180 ni. Ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí kò bá wá, wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Owó tí wọ́n san fún mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ẹni ni, mo sì rò pé kò le. Ìwé orúkọ lásán ni. Kí ló fẹ́ ṣòro níbẹ̀?

Mo ní, "Ìyá, ta ló bá yín wò ó?"

"Ọmọ tó wà ní kafé ní Ajara ni. Ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ojú ewé mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, òun wò ó tán, kò sí orúkọ ọmọ mi níbẹ̀. Mo san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà."

Ojú ewé mẹ́wàá. Ojú ewé 59 ni mo ṣe.

Mo yọ fóònù mi síta níbẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì etí ọ̀sà ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyá náà dárúkọ ọmọ rẹ̀ fún mi, orúkọ ìdílé wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z. Mo ṣí àkàǹtì tí mo fi ń ṣàkóso ojúlé náà, mo wá a. Ó wà ní ojú ewé 58, orúkọ kẹrìnlá. Ọjọ́ tí wọ́n fún wọn ti kọjá pẹ̀lú ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

N kò sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo ní màá bá wọn sọ̀rọ̀, ọkọ̀ sì dé, a wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, torí kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀. Tí ìwé orúkọ bá gùn, a máa ń gé e sí ojú ewé ojú ewé. Ogún orúkọ ni mo fi sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, 1,180 pín sí ogún-ogún, ó di 59. Lẹ́yìn náà, a ó to àwọn nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ kí èèyàn lè tẹ èyí tó bá fẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo nọ́ńbà 59 ni mo tò síbẹ̀. Lórí lápútọ́ọ̀pù mi, ó dára, ìlà kan ààbọ̀. Lórí fóònù, ó di ìlà mẹ́jọ, àwọn nọ́ńbà sì fún mọ́ra débi pé tí o bá fẹ́ tẹ 23, 31 ni yóò ṣí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà pè mí lálẹ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ yín da nọ́ńbà sílẹ̀ bí àgbàdo tí ewúrẹ́ tú ká o. Ẹ bá wa dín in kù."

Mo dín in kù. Iná mọ̀nàmọ́ná ń ṣẹ́jú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bátìrì lápútọ́ọ̀pù mi kò sì lágbára mọ́. Ìlà kóòdù kan péré ni mo kọ: tí nọ́ńbà bá ti pé mẹ́wàá, dúró. Mo fi àmì kékeré kan sí ọwọ́ ọ̀tún tó ń tọ́ka síwájú, báyìí ›, aláwọ̀ eérú lórí funfun, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé àmì yẹn túmọ̀ sí "ó kù". Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láti ojú ewé 10 yóò dé ojú ewé 11 lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kò yí padà. 1 sí 10 ni wọ́n ṣì jẹ́, kò sì sí ọ̀kankan tó dúdú lára wọn láti fi hàn ọ́ pé ibí lo wà. Ńṣe ló dà bíi pé o ti jáde nínú ilé, o sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ síta. Ọmọ kafé tó bá rí i bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé ojúlé náà ti bàjẹ́ ni, yóò padà sẹ́yìn, yóò ní ó ti tán.

Ṣé mo dán an wò kí n tó gbé e síta? Mo dán an wò. Ibi tó dùn mí jù nìyí. Mo ki orúkọ ara mi bọ ìwé orúkọ náà kí n fi wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Orúkọ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Ojú ewé kìíní ló bọ́ sí, orúkọ kẹsàn-án. Mo rí i, inú mi dùn, mo yọ ọ́ kúrò, mo sùn.

Láti pírámárì ni wọ́n ti máa ń pe èmi ṣíwájú. Ìdánwò ẹnu, A ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Wọ́n fẹ́ pín ìwé, A. N kò ronú nípa rẹ̀ rí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jókòó sí abẹ́ fáànù kì í ti ronú nípa ooru. Ìyá mi ló là mí lójú nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ègùn ni ìyá mi (àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn ní Ògù), orúkọ ilé bàbá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ò mọ̀ pé àwa la máa ń gbẹ̀yìn? Kí tíṣà tó pe orúkọ tèmi nílé ìwé, aago á ti lù."

Ẹ wò ó, álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ní V, kò sì ní Z. Ègùn ní méjèèjì, wọ́n sì ń lò wọ́n dáadáa. Ọ̀dọ̀ wọn, ìbejì ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ dé ń jẹ́ Zinsu, èkejì rẹ̀ ń jẹ́ Sagbo, ọkùnrin tó bá tẹ̀ lé wọn, tí ẹ̀yin ń pè ní Ìdòwú, ń jẹ́ Dosu. Ẹ lọ sí ilé-ìwé èyíkéyìí láti Ajara títí dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó bá Zannu, ẹ ó bá Zosu, ẹ ó bá Whenu. Nínú ìwé orúkọ tí wọ́n tò láti A dé Z, ìdí ìwé ni ìdajì ìlú yẹn ń bá ara wọn. Èmi tí ìyá mi jẹ́ Ègùn, mo wá kọ kóòdù tó gé ìdí ìwé náà sọnù, fún ìlú Ègùn.

Wọn kọ́ ló tiẹ̀ gbẹ̀yìn pátápátá. Nígbà tí mo ṣí ojú ewé 59 láti wò ó, àwọn Yorùbá ni mo bá níbẹ̀. Àwọn tó fi àmì sábẹ́ orúkọ wọn bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù: Ẹ, Ọ, Ṣ. Bí mo ṣe ṣe dátábéèsì tèmi, kò mọ̀ pé Ọ wà lẹ́yìn O. Nọ́ńbà tí Unicode fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń wò, nọ́ńbà Ẹ àti Ọ àti Ṣ sì ga ju ti Z lọ fíìfíì. Nítorí náà, ọmọ tó kọ orúkọ rẹ̀ ní Olúwa-nǹkan wà láàárín ìwé, èyí tó kọ Ọlá-nǹkan pẹ̀lú àmì rẹ̀ wà lẹ́yìn Z. Tíṣà Yorùbá tó ń nà wá nítorí àmì ìsàlẹ̀ kò sọ fún wa pé èyí lè ṣẹlẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà o, ètò títò kan wà tí a lè sọ fún dátábéèsì pé kó máa tẹ̀ lé, tó mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni O àti Ọ. Èmi ni n kò sọ fún un.

A dé Gberefu. Ẹni tó bá ti lọ ibẹ̀ mọ̀ pé ẹ ó rìn lórí iyanrìn, láàárín igi àgbọn, kí ẹ tó gbúròó òkun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ya fọ́tò. Èmi ń rìn lẹ́yìn, mò ń ṣírò.

Ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ SlaveVoyages, ó ti wà níbẹ̀ láti 2008. Àkọsílẹ̀ ìrìn àjò ọkọ̀ ẹrú tó lé ní 36,000 ló wà níbẹ̀, Àgbádárìgì sì wà lára àwọn èbúté tí ẹ ó bá. Àwọn olùwádìí kan náà tún kó orúkọ àwọn Áfíríkà 91,491 jọ, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n mú lójú òkun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ ní Freetown àti ní Havana ló kọ orúkọ wọn sínú ìwé, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ létí ni wọ́n kọ ọ́. Ajayi Crowther fúnra rẹ̀ gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: wọ́n kó o ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó gbé e ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1845 ó dé Àgbádárìgì yìí gẹ́gẹ́ bí àlùfáà.

Tí èmi bá fi kóòdù tèmi gbé orúkọ 91,491 yẹn síta, ogún-ogún lójú ewé kan, ojú ewé 4,575 ni yóò jẹ́. Wọn yóò rí 10 tẹ̀. Èèyàn 200 ni yóò ní orúkọ tó ṣeé rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni òkun gbé àwọn yòókù lọ, kóòdù mi yóò tún gbé wọn lọ lẹ́ẹ̀kejì, ní iyanrìn kan náà tí mo dúró lé lórí yìí. Mo mọ̀ pé mò ń sọ ọ́ di ńlá. Ojú mi kò kúrò lórí òkun náà fún ìgbà díẹ̀ ṣá.

N kò sọ pé kò sí ìdí tí a fi ń dín nọ́ńbà kù o. Ìdí wà. Èkíní ni fóònù. Ojú fóònù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fẹ̀ tó 360 nínú ìwọ̀n tí a fi ń kọ́ ojúlé, Apple sì ti ń gba àwa tí à ń kọ kóòdù nímọ̀ràn tipẹ́ pé ibi tí ìka yóò tẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí 44. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé mẹ́jọ ló lè jókòó lórí ìlà kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí nọ́ńbà 59 jókòó síbẹ̀, ẹ fẹ́ kí èèyàn fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni. Èkejì ni dátábéèsì. Tí o bá ní kó gbé ojú ewé 4,500 wá nínú orúkọ 91,491, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kọ ọ́, yóò kọ́kọ́ ka orúkọ 89,980 tó ṣáájú, yóò dà wọ́n nù, kó tó wá fún ọ ní ogún tí o béèrè. Ìdí nìyẹn tí àwọn ojúlé ńlá kan kì í fi í jẹ́ kí o dé ìdí rárá. Fún orúkọ 1,180, kò sí wàhálà ńbẹ̀. Sáfà kò tilẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára. Kì í ṣe sáfà ni mo dín in kù fún. Ẹwà ni.

Ẹlòmíràn á ní kí n kúkú yọ nọ́ńbà kúrò, kí n jẹ́ kí èèyàn máa fà á wálẹ̀ láìlópin bíi ti Facebook. Aza Raskin tó gbé irú fífà bẹ́ẹ̀ jáde ní 2006 ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Google náà gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù láti 2021. Ní 2024 wọ́n pa á tì, wọ́n sì dá nọ́ńbà padà sí orí kọ̀ǹpútà. Fún ọmọ tó ń wá Z, fífà láìlópin burú ju nọ́ńbà lọ. Gbogbo A dé Y ni yóò kọ́kọ́ san dátà lé lórí. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá sì já ní W, á tún bẹ̀rẹ̀ láti A.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Àgbà iṣẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ti ṣe é kó tó kàn mí. Ẹ fi àkọ́kọ́ hàn nígbà gbogbo. Ẹ fi ìkẹyìn hàn nígbà gbogbo. Ẹ fi ibi tí èèyàn wà hàn, pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí ẹ bá ti fo nọ́ńbà, ẹ fi àmì kíńkíń mẹ́ta síbẹ̀ kí èèyàn mọ̀ pé ẹ fo nǹkan:

1 … 29 30 31 … 59

Àpò méje. Ó wọ ojú fóònù. Lórí kọ̀ǹpútà ẹ lè fi aládùúgbò méjì-méjì, kó di mẹ́sàn-án. Django ti ní èyí nínú láti ẹ̀dà 3.2 tó jáde ní 2021. Laravel ní in. WordPress ní in. Mo mọ̀ pé wọ́n ní in. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n lò ó, mo ní ìlà kan péré ni, kí ni mo fẹ́ máa gbé odidi ẹrù kiri fún?

Nígbà tí mo padà sílé, mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà ní yàrá tí mo ti kàwé fún WAEC. Ohun kékeré méjì ló fẹ́ tàn mí. Tó o bá wà ní ojú ewé 4, tí o kàn ń tẹ̀ lé òfin yẹn láìronú, yóò kọ 1 … 3 4 5. Àmì mẹ́ta yẹn ń fi 2 nìkan pamọ́, ó sì gba àyè tó tó 2 gan-an. Kí ló dé tí o ò kúkú kọ 2? Nítorí náà, tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a fẹ́ fò, a kì í fò ó. Èkejì: iye àpò kò gbọ́dọ̀ máa yí padà. Tó bá jẹ́ márùn-ún lójú ewé kan, méje lójú ewé kejì, nọ́ńbà tí àtàǹpàkò rẹ wà lórí rẹ̀ yóò sún, wàá sì tẹ ohun tí o ò fẹ́. Ní ojú ewé kìíní, mo jẹ́ kó kọ 1 2 3 4 5 … 59. Ní ìkẹyìn, 1 … 55 56 57 58 59. Méje ní ibi gbogbo. Mo yọ àmì aláwọ̀ eérú yẹn kúrò. Mo kọ "Tẹ̀síwájú" síbẹ̀ gàdàgbà, lórí ìlà tirẹ̀, mo sì kọ sókè pé: "Ojú ewé 1 nínú 59."

Láti 1 dé 58, ẹ̀ẹ̀kan lórí 59, ẹ̀ẹ̀kan lórí 58. Títẹ̀ méjì. Pẹ̀lú kóòdù mi ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá tilẹ̀ ní sùúrù láti bẹ̀rẹ̀ láti 10 yóò tẹ àmì eérú yẹn ní ìgbà 48.

Bí mo ṣe parí rẹ̀ tán, mo wá ń wo nọ́ńbà 37 láàárín, mo bi ara mi pé ta ni 37 ń sọ̀rọ̀ fún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé orúkọ òun wà ní 37. A kì í jẹ́ 37. Ìwé atúmọ̀ èdè ti mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ sí orí ojú ewé, ká lè mọ ibi tí a dé. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo fi lẹ́tà tò ó sókè, A títí dé Z, pẹ̀lú Ẹ àti Ọ àti Ṣ ní àyè tiwọn, mo sì fi àpótí wíwá orúkọ sí i. Ìdajì wákàtí ni àpótí yẹn gbà mí. Nígbà tí wọ́n ní kí n ṣe ojúlé náà, wọn ò bèèrè rẹ̀, èmi náà ò dá a lábàá.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. Mo jẹ́wọ́. Mo ní kóòdù tèmi ló fi orúkọ pamọ́, kì í ṣe ọmọ náà ló jáfara. Akọ̀wé náà gbọ́ mi títí, kò bínú. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní àwọn mẹ́rìnléláàádọ́ta ni kò wá, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn rọ́pò gbogbo wọn, owó ti jáde. Mo bi í bóyá mo lè rí orúkọ àwọn mẹ́rìnléláàádọ́ta náà. Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Mo kà á. N kò rí ju A méjì lọ níbẹ̀. W pọ̀, Z pọ̀, V wà, àwọn tó fi àmì sábẹ́ orúkọ wọn náà wà. Mo ní ṣé a ò lè wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta la fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ padà?" Ó tọ̀nà. Àwọn tí wọ́n fi rọ́pò náà, ọmọ ẹni ni wọ́n.

Mo dá owó iṣẹ́ mi padà fún wọn. Ẹ má yìn mí, kò tó owó ilé-ìwé ẹnì kan.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ilé ìyá ẹlẹ́ja. Ìyá mi bá mi lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi èdè Ègùn bá ìyá mi sọ nǹkan kan, ìyá mi sì dá a lóhùn, n kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, Ègùn tèmi kò jinlẹ̀. Ohun tó yé mi ni pé ó ń bèèrè pé, "Wọ́n mú un nígbà yẹn?" Ìyá mi ní wọ́n mú un. Ó tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá mi tún ní wọ́n mú un, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wá pe ọmọ náà láti ẹ̀yìnkùlé, ó sọ fún un, ó ní kó má sọ mọ́ pé òun ò mọ̀wé.

Ọmọ náà kí mi. Ojú rẹ̀ kò dára sí mi, n kò sì dá a lẹ́bi. Ó ní, "Bọ̀dá, ojú ewé wo ni mo wà?"

Mo ní, "Méjìdínlọ́gọ́ta."

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó padà sẹ́yìnkùlé.

Ọdún kan ló pàdánù. Ẹgbẹ́ náà ní kó tún kọ fọ́ọ̀mù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́, wọ́n tún mú un, ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Àwọn yòókù nínú mẹ́rìnléláàádọ́ta náà, mo pe àwọn tí mo rí nọ́ńbà wọn. Àwọn kan gbé e, àwọn kan kò gbé e, ẹnì kan bú mi dáadáa, mo sì gbà á.

Ní ọdún tó fi wà nílé yẹn, kafé ní Ajara ló ti ṣiṣẹ́. Mo yà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ìwé orúkọ mìíràn jáde, kì í ṣe tèmi, ti ibòmíràn ni. Èrò pọ̀ níwájú rẹ̀, àwọn ìyá pẹ̀lú bébà kékeré lọ́wọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mò ń wo bó ṣe ń ṣe é. Kò tẹ 1 rárá. Ó lọ tààrà sínú àdírẹ́sì ojúlé náà lókè, ó pa nọ́ńbà tó wà ní ìdí rẹ̀ rẹ́, ó kọ 500 síbẹ̀. Ó ní ojú ewé náà kò sí. Ó kọ 100. Kò sí. Ó kọ 80. Ó ṣí. Ó kọ 90, ó ṣí, ó kọ 95, kò sí, ó kọ 93, ó ṣí.

Ó rí mi, ó kí mi. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ nìyẹn.

Ó ní, "Kò sẹ́nì kankan, sà. Mo kọ́kọ́ máa ń wá ibi tó parí sí ni. Ẹ̀yìn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ó na ọwọ́ sí ìyá tó kàn pé kó mú bébà rẹ̀ wá.